Ẹ̀yin òbí ọmọ àkàndá l'Ábẹ́òkúta, báwo lẹ ṣe ń ṣe ìsìn Sọ́ńdè?

Ìyá Ìrètí, Àdìgbẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ, n ò kọ nǹkan kan rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti wá kún mi láyà jù. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́fà lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ kẹrin tí mo bí i ni ojú ẹ̀ pọ́n, ara ẹ̀ náà pọ́n, wọ́n ní ká máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, a gbé e síbẹ̀ títí, ìgbà tó di ọjọ́ keje kò mu ọmú mọ́, ó wá ń na ẹ̀yìn bí ọrun, ìgbà yẹn la tó gbé e dé ọsibítù. Ó yè, mo dúpẹ́. Àmọ́ títí dòní kò lè dá rìn, ọrùn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dúró, ọwọ́ ẹ̀ máa ń lọ́ fúnra ẹ̀, itọ́ máa ń dà lẹ́nu ẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀ àfi kó pariwo. Cerebral palsy (CP) ni dókítà pè é, ìyẹn ni pé ọpọlọ tó ti fara pa ni kò jẹ́ kó lè darí ara ẹ̀. Tó bá ti rí bàbá ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, gbogbo ara ló fi máa ń rẹ́rìn-ín.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìwàásù ń lọ lọ́wọ́, ó pariwo lẹ́ẹ̀mejì, ọ́ṣà (usher) kan wá bá mi, ó ní kí n gbé e jáde torí ó ń dí àwọn èèyàn lọ́wọ́. Mo pọ̀n ọ́n, mo jáde, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ títí wọ́n fi parí ìsìn, ariwo ẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbọ́ ìgbà tí wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń kan orúnkún mi. N ò tíì padà lọ síbẹ̀ látìgbà yẹn.

Ṣáájú ìyẹn, wòlíì kan tí wọ́n mú wa lọ bá ní tá a bá ní ìgbàgbọ́, ká dá oògùn gìrì ẹ̀ dúró. A dá a dúró. Lọ́jọ́ kẹta gìrì mú un, kò fi í sílẹ̀ títí a fi gbé e dé ọsibítù. Látìgbà yẹn n ò mọ ibi tí ìgbàgbọ́ parí sí mọ́. Ṣé oògùn tí mò ń fún un àti físíò tí mò ń gbé e lọ fún ìdárayá ara ẹ̀ yìí fi hàn pé n ò gba Ọlọ́run gbọ́ ni? Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ríran sí mi o, ìran ti tó mi.

Màmá Kútọ̀

Pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Pẹ̀lẹ́ o. Mo kà á tán, mo ní kí n kọ́kọ́ kí ọ ná kí n tó sọ nǹkan míì. O ṣeun tí o tọ́jú ọmọ yẹn dé ọdún mẹ́fà.

Nọ́ọ̀sì Ọbáńtokò

Ìyá Ìrètí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn apá tí mo mọ̀, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ má dá oògùn gìrì dúró lójijì mọ́ láé, ẹni yòówù kó sọ ọ́. Ọpọlọ ọmọ ti mọ́ oògùn yẹn lára, tó bá ṣàdédé kúrò, gìrì tó máa padà dé lè le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn. Dókítà tó bá máa yọ ọ́ kúrò pàápàá, díẹ̀díẹ̀ ló máa dín in kù. Tó bá tún mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú ọrùn aṣọ ẹ̀, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má da nǹkan kan sí i lọ́fun, ẹ má ki ẹsẹ̀ ẹ̀ bọ iná, àgbo ìtọ̀ màlúù yẹn náà ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ọn rárá. Ẹ máa wo aago. Tó bá ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ọsibítù ni.

Ìbéèrè kan, ṣé wọ́n ti yẹ etí ẹ̀ wò? Ibà pọ́njú, ìyẹn jaundice, tó bá ti wọ ọpọlọ ọmọ sábà máa ń ba etí jẹ́. Ọmọ tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ò yé e, ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ ni. Ẹ sọ fún wọn níbi tí ẹ ti ń ṣe físíò kí wọ́n darí yín síbi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò.

Ẹ̀yin aláboyún tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó káńfọ̀ kúrò nínú àpótí aṣọ ọmọ. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí èròjà kan tó ń jẹ́ G6PD ò tó lára wọn, òórùn káńfọ̀ lásán ti tó láti máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ yẹn ló sì ń di pọ́njú. Oòrùn àárọ̀ ò tó o. Ọmọ tuntun tí ojú ẹ̀ bá pọ́n kó tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún láyé, tàbí tó pọ́n dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí kò mu ọmú dáadáa mọ́, ẹ má dúró di ọ̀la. Wọ́n á gbé e sábẹ́ iná búlúù, tó bá sì le gan-an wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ó ṣeé wò tí ẹ bá tètè dé.

Ìyá Ìrètí, Àdìgbẹ

Káńfọ̀ wà nínú àpótí náà. Èmi ni mo rà á. Mo dì í sínú áńkáṣífù kéékèèké, mo fi sáàárín aṣọ kọ̀ọ̀kan kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, mo tiẹ̀ tún fi sínú ṣọ́ọ̀lù tí mo fi gbé e wálé. Ilẹ̀ kíṣìnnì ni mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí, ọbẹ̀ ń jó lórí iná.

Nọ́ọ̀sì Ọbáńtokò

Ẹ dìde kẹ́ ẹ pa iná yẹn, ẹ mu omi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ìyá mi. N ò mọ̀ bóyá káńfọ̀ ló fà á fún tiyín, ẹ̀yin náà ò mọ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan ló máa ń fa pọ́njú. Ìyá tèmi náà fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ gbogbo wa. Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, torí kẹ́ ẹ lè fi aṣọ tó mọ́ wọ ọmọ yín ni. Ẹni tó yẹ kó sọ fún yín ní kílíníìkì aláboyún ni kò sọ. Ẹ má gbé e rù ara yín.

Ìyá Àgbà Ìtòkú

Ọmọ mi, èmi ìyá arúgbó ló ń bá ọ sọ̀rọ̀, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọmọbìnrin tèmi báyìí. Láti ìgbà tí a ti bí i ni nǹkan kì í ti í tètè yé e. Ẹnu àwọn èèyàn nígbà yẹn, mi ò lè tún un sọ, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú wọn. Wọ́n ní emèrè ni. Wọ́n ní ọmọ omi ni, kí n gbé e padà síbi tó ti wá. Mo ní inú mi ló ti wá, ibo ni kí n gbé e padà sí?

Ohun tí mo rí dì mú ni Jòhánù orí kẹsàn-án. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, wọ́n bi í pé ta ló dẹ́ṣẹ̀, ṣé òun ni àbí àwọn òbí ẹ̀? Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí ẹ̀. Ẹni tó bá tún ti wá bá mi pé ẹ̀ṣẹ̀ wà nídìí ilé wa, ibẹ̀ ni mo máa ń ṣí fún un, màá ní kó kà á sókè létí mi.

Ti oògùn tí o bèèrè, ìwọ wo ìlú wa yìí. 1846 ni àwọn míṣọ́nnárì Townsend àti Crowther wá dá iṣẹ́ ìhìnrere wọn sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Nígbà tó di 1895 àwọn Pádì Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, ó sì ń bẹ níbẹ̀ dòní. Àwọn tó mú Bíbélì wá fún wa náà ló mú ọsibítù wá. Ta ló wá sọ fún wa pé ọ̀tá ni wọ́n?

Akọ́ni Àdúrà, Láfẹ́nwá

Mo kí gbogbo ilé. Mo gbà pé kò yẹ kí wòlíì ní kí wọ́n dá oògùn dúró, ìyẹn ò dáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra ká má pa ìgbàgbọ́ ìyá yìí. Ọlọ́run ṣì ń wo aláìsàn sàn, mo ti fojú mi rí i. Àwẹ̀ àti àdúrà ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò yẹ kó gba kámú.

Bàbá Ìbejì, Ìbarà

Bọ̀dá, mo gbọ́ yín, mi ò sì ní bá yín jà, torí èmi náà gbààwẹ̀ títí inú mi fi ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Táyé wa ní Down syndrome, Kẹ́hìndé ò ní in. Inú kan náà, ọjọ́ kan náà. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbé ìyàwó mi àti àwọn ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí èmi á wá jókòó sínú mọ́tò. Mo máa ń sọ pé mò ń ṣọ́ mọ́tò. Ojú ló ń tì mí. Tí wọ́n bá ní kí bàbá ìbejì dìde kí wọ́n kí i, ojú gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ lọ sára Kẹ́hìndé, á wá yí sára Táyé, á wá sá lọ. Mi ò lè gbà á mọ́ra.

Dókítà kan ló yà á síwèé fún mi. Gbogbo ara wa ló kún fún nǹkan kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kromosóòmù, méjì-méjì ni wọ́n ń wà, ti Táyé níbi ìkọkànlélógún jẹ́ mẹ́ta. Ó ní láti 1959 ni ọ̀gbẹ́ni kan nílẹ̀ Faransé tó ń jẹ́ Jérôme Lejeune ti rí i. Ó ní kò sóhun tí èmi tàbí ìyàwó mi jẹ tàbí tí a ṣe tó fà á. Mo sunkún nínú ọ́fíìsì ẹ̀ bí ọmọdé. Torí gbogbo ìgbà yẹn, nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, ìyàwó mi ni mò ń dá lẹ́bi, mi ò sì sọ fún un rí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí láì kọ nǹkan, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò yẹn. Ẹ gbé ọmọ yẹn fúnra yín. Ohun tó wúwo fún ìyá wúwo jù fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí tiyín náà bá jẹ́ Down, ẹ ní kí wọ́n yẹ ọkàn ẹ̀ wò kíá, nǹkan bí ìdajì wọn ló máa ń ní ìṣòro ọkàn, ẹ yẹ etí ẹ̀ àti tàírọ́ọ̀dù tó wà lọ́rùn ẹ̀ náà wò.

Ìyá Àgbà Ìtòkú

Akọ́ni, ọmọ mi, o ṣeun, inú rere lo fi sọ ọ́. Èmi náà ṣì ń gbàdúrà fún ọmọ mi, àárọ̀ àárọ̀ ni. Àmọ́ wo Máàkù orí kẹsàn-án, bàbá tí gìrì ń gbé ọmọ ẹ̀ ṣánlẹ̀, tí í máa gbé e sínú iná, tí í máa gbé e sínú omi. Ó ní, "Olúwa, mo gbàgbọ́, ràn àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Jésù ò ní kó lọ kọ́kọ́ wá ìgbàgbọ́ tó pé wá. Gbólóhùn yẹn náà ni àdúrà tèmi láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Obìnrin kan wà l'Amẹ́ríkà, Joni Eareckson Tada, omi ló bẹ́ sí ní 1967 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ọrùn ẹ̀ ṣẹ́. Ó lọ síbi ìsìn ìwòsàn, kò rìn. Orí kẹ̀kẹ́ náà ló jókòó sí tó fi dá ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn àkàndá àti ìdílé wọn lọ́wọ́ sílẹ̀ ní 1979. Ta ló máa sọ pé kò nígbàgbọ́?

Ọmọ tèmi, àdìrẹ ló ń bá mi ṣe. Oníko. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ bó ṣe máa fi ìko di aṣọ, òkúta wẹ́wẹ́ kan, kó ká a, kó fà á, kó dè é. Ní báyìí, àwọn oníbàárà máa ń bèèrè pé ta ló di èyí, torí ìdì tiẹ̀ le, aró kì í ráyè wọ inú ẹ̀, funfun ẹ̀ máa ń hàn kedere. Mi ò gba kámú. Ohun tí mo gbà ni ọmọ tí Ọlọ́run fún mi.

Màmá Kútọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un lórí Àró, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta níbí, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan ń kà á tó nílò ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní autism, kì í wojú èèyàn, ó máa ń yípo yípo, wárápá tún wà ńbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní ká lọ Àró, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lọ, pé wọ́n á ní wèrè ni. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta mọ bí a ṣe máa ń fi orúkọ ibẹ̀ bú ara wa. Odindi ọdún kan la fi jókòó sílé nítorí ohun tí aládùúgbò máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwòsàn ni. Láti 1954 ló ti wà níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ṣe é débi pé inú abúlé tó yí ọsibítù ká ni àwọn aláìsàn ń gbé, pẹ̀lú ẹbí tó bá wọn wá, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sílé. Ó mọ̀ pé aláìsàn ò lè dá gbádùn láìsí ẹbí. Ọmọ wa ti ń lo oògùn wárápá, ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí kò ti ṣubú.

Ìyá Tóbi, Ìjàyè

CP ni tèmi náà. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi títí ọmọ mi fi ní òtútù àyà (pneumonia) lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má fún un lóúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀, ẹ má sì fi ọwọ́ rọ ọ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń rọ wá lẹ́kọ, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀kọ yẹn máa gbà. Ẹ jẹ́ kó jókòó gbọọrọ, ẹ di orí ẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, kí àgbọ̀n ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kó má gbójú sókè. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ náà ki, èyí tó ṣàn ló máa ń há a. Ṣíbí kékeré, ẹ fi kàn án ní ètè ìsàlẹ̀, ẹ dúró. Ẹ dúró kó gbé e mì. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni tèmi máa ń gbà fún abọ́ kékeré kan, mo ti gbà bẹ́ẹ̀, àsìkò yẹn ni mo fi ń kọ orin fún un.

Káfíńtà àdúgbò ló kan àga onígun fún mi, ó ní apá lọ́tùn-ún lósì, ó ní tábìlì níwájú, a fi fóòmù àti aṣọ ìró tẹ́ ẹ. Físíò ló ya bó ṣe máa rí síwèé fún un. Ẹ gbé àga yẹn lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ rántí àwọn ọmọ yín yòókù náà. Èyí tó jẹ́ àkọ́bí mi sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, tí èmi náà bá ṣàìsàn, ṣé ẹ máa gbé mi?" Látìgbà yẹn, òun nìkan ló ni ìrọ̀lẹ́ Sátidé mi.

Anti Sọ́ńdè Sùkúù, Òkè-Ìlèwó

Ìyá Ìrètí, lórúkọ àwa tí à ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Ibi jẹnẹrétọ̀ kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbọ́ oore-ọ̀fẹ́.

Ohun tí à ń ṣe níbi tiwa rèé. A ka Máàkù orí kejì níjọ́ kan, àwọn tó gbé ọ̀rẹ́ wọn tí kò lè rìn wá, tí wọ́n dá òrùlé lu torí èrò. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wa ní, kí ló dé tó jẹ́ mẹ́rin? Ìdáhùn ẹ̀ ò le, torí pé ẹnì kan ò lè dá gbé e ni. Bí a ṣe wá obìnrin mẹ́rin nìyẹn fún ọmọ kan tó wà lọ́dọ̀ wa. Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan lóṣù ní ẹni tiẹ̀. Ẹni náà á gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá nígbà tí ìwàásù bá bẹ̀rẹ̀, ìyá á jókòó sí ààyè ẹ̀, á ṣí Bíbélì ẹ̀, tó bá fẹ́ sùn kó sùn. Nígbà tí Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, Ọlọ́run ò tíì wàásù fún un o, ó kọ́kọ́ jẹ́ kó sùn, áńgẹ́lì gbé àkàrà àti omi wá, ó tún sùn, ó tún jẹ. Ìyá ọmọ wa yẹn sùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A ò jí i.

Àwọn mẹ́rin náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sílé ọmọ, kí ìyá fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe máa gbé e, bí gìrì ẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń dẹ́rù bà á. Ẹ jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, kí ẹ jìnnà sí sípíkà àti ìlù. Ẹ lọ bá pásítọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ má ṣe é ní Sọ́ńdè tí èrò pọ̀. Tí ọmọ bá pariwo, kí pásítọ̀ máa bá ìwàásù ẹ̀ lọ, ará ìjọ á mọ́ ọn lára láàárín oṣù kan. Tiwa ò tiẹ̀ pé oṣù kan.

Bàbá Ìbejì, Ìbarà

Àfikún kékeré. Òfin wà. January 2019 ni wọ́n buwọ́ lu òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya ẹni tó jẹ́ àkàndá sọ́tọ̀, ó fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà, ọdún márùn-ún yẹn sì ti pé. Ó tún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ wa títí dé sẹ́kọ́ńdìrì. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, inú báàgì mi ló wà nígbà tí mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé tó ní àwọn ò gba irú Táyé. Ìrìn mẹ́ta ni mo rìn. Táyé ti wà ní Kíláàsì kejì.

Akọ́ni Àdúrà, Láfẹ́nwá

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ìyá Ìrètí, mo mọ ọ̀nà Àdìgbẹ. Tí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa gbé e lọ físíò pẹ̀lú yín, èmi àti ìyàwó mi ní mọ́tò, ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lọ́nà.

Ìyá Ìrètí, Àdìgbẹ

Mo ti sunkún, mo ti jẹun, ẹ ṣeun. Mo ka ti Bàbá Ìbejì sí ọkọ mi létí. Kò sọ nǹkan kan, ó lọ síta, nígbà tó wọlé ó ní òun lọ wo káfíńtà. Mo pe ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun máa wá sílé lọ́jọ́bọ̀ kí n fi hàn òun bí wọ́n ṣe ń gbé e. Àbúrò ẹ̀ ní òun náà á wá. Ọkọ mi ní kí n kọ òun mọ́ ọn, ó di mẹ́ta. N ò tíì rí ìkẹrin.

Akọ́ni, mo ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín. Túsìdeè aago mẹ́jọ ni físíò, mo fẹ́ kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn náà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi táwẹ̀lì sórí àga ẹ̀yìn mọ́tò yín, itọ́ ẹ̀ máa ń dà gan-an.